Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Lọ Bẹ Tíṣà ní Ìlórò

Òórùn kòkó tí wọ́n sá sójúde ni mo fi máa ń mọ̀ pé mo ti dé ilé wa ní Aramọkọ. Ó máa ń kan díẹ̀, ó máa ń dùn díẹ̀, á sì lẹ̀ mọ́ aṣọ èèyàn títí di ọjọ́ kejì. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, kòkó kún orí ẹní bó ṣe máa ń kún, àmọ́ bàbá mi kò jáde wá pàdé mi. Inú yàrá ni mo bá a, ó gbé ìwé ìròyìn sún mọ́ imú bí ẹni tó ń gbóòórùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú.

Kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́ fún ọ. Ó jagun nígbà ogun abẹ́lé, ó sì gba ọgbẹ́ kan sí itan òsì tó jẹ́ kó máa tiro títí dòní. Nígbà tó bọ́ aṣọ sójà, ó di akọ̀ròyìn. Kò sí ìlú lágbègbè wa tí kò gun alùpùpù dé láti wá ìròyìn, láti Ìjerò títí dé Ẹ̀fọ̀n. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí ìyá mi kú, bàbá mi kò sì fẹ́ ìyàwó mìíràn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń di irun mi láràárọ̀ kí n tó lọ síléèwé. Á dì í le bí ẹni tó ń so okùn bàtà sójà, orí á sì máa dùn mí títí di àsìkò oúnjẹ ọ̀sán. Bó bá ń tẹ ìròyìn rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ìrọ̀lẹ́, èmi náà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá máa ṣe iṣẹ́ iléèwé mi. Lójú tèmi, kò sí ohun tí bàbá mi ṣe rí tí kò dáa.

Dókítà ní Adó ti sọ pé ó gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, pé bó bá pẹ́ sí i, ojú náà lè fọ́ pátápátá. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dá fún un. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo dé láti wá mú un lọ, ó sì sọ fún mi pé òun kò lọ.

Mo ní, "Ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ló ń bà yín ni, bàbá?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi tí wọ́n fi ọ̀bẹ yọ irin nítan mi lábẹ́ igi? Ìlórò ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dé."

Ìgbà náà ló wá sọ ọ́. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, ó kọ ìròyìn kan nípa tíṣà kan ní Ìlórò, pé ó fi ìbéèrè ìdánwò han àwọn ọmọ iléèwé ṣáájú ọjọ́ ìdánwò. Irọ́ ni. Wọ́n dá tíṣà náà dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń nàka sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹlòmíràn ló ṣe é. Ìwé ìròyìn tí bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́ tọrọ gáfárà ní ìlà mẹ́ta, ní ìsàlẹ̀ ojú ewé inú lọ́hùn-ún. Wọ́n ní kí tíṣà padà sẹ́nu iṣẹ́, ó kọ̀, ó gba oko lọ.

Bàbá mi ní, "Bí iṣẹ́ abẹ yìí bá já sódì, mi ò ní lè wo ojú rẹ̀ mọ́. Mi ò fẹ́ bẹ ẹni tí mi ò rí."

Màá sọ òótọ́ fún ọ, inú bí mi. Kì í ṣe nítorí tíṣà tí mi ò mọ̀ rí. Nítorí ara mi ni, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣàdédé rí i pé ògiri ilé òun ti sán láti ọjọ́ pípẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó nu bàtà rẹ̀ títí ó fi ń dán, ọwọ́ ló fi ń wá ibi tí kò tíì dán. A gba ọ̀nà Ìjerò. Nígbà tí a dé Ìlórò, a béèrè ilé tíṣà lọ́wọ́ ọlọ́kadà kan, ó ṣáájú wa lọ, ó ní, "Wọ́n wà níbẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn ni." Bàbá mi mí kanlẹ̀. Ó ti ń bẹ̀rù pé ọkùnrin náà ti kú.

Bàbá gíga kan tó tín-ín-rín la bá lọ́dẹ̀dẹ̀, ó ń pọ́n àdá lórí òkúta. Bàbá mi kò gun àtẹ̀gùn. Ó dúró sí ìsàlẹ̀, ó na ara rẹ̀ bí ìgbà tí sójà bá dúró níwájú ọ̀gá rẹ̀, ó sì dárúkọ ara rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo kọ ìròyìn yẹn."

Àdá dákẹ́ lórí òkúta.

Tíṣà ní, "Mo mọ̀ yín. Mo ti mọ orúkọ yín sórí ju ti àwọn àna mi lọ."

Ìyàwó rẹ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ ò ní jẹ́ kí wọ́n jókòó?"

"Kí wọ́n ṣì dúró ná." Ó yíjú sí bàbá mi. "Láti Aramọkọ síbí, ṣé ó jìnnà ni?"

"Kò jìnnà."

"Àbí alùpùpù yín bàjẹ́ nígbà náà?"

"Kò bàjẹ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò wá bi mí?"

Ẹsẹ̀ òsì bàbá mi ti ń gbọ̀n. Mo fẹ́ dì í mú, ó gbá ọwọ́ mi kúrò. "Mò ń kánjú ni. Ìròyìn náà dùn mọ́ mi, mo sì fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa gbé e jáde. Mi ò ní àwáwí kankan. Mo ṣẹ̀ yín, mo ṣẹ ìyàwó yín, mo ṣẹ àwọn ọmọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síwájú, pẹ̀lú ẹsẹ̀ burúkú yẹn, láti dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Tíṣà ju àdá sílẹ̀, ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó sì dì í mú ní apá méjèèjì.

"Ó tó. Ẹ má dọ̀bálẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀." Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àwọn arúgbó méjì tí wọ́n di ara wọn mú. Lẹ́yìn náà ni tíṣà ní, "Mi ò lè sọ pé kò dùn mí mọ́. Àmọ́ nínú gbogbo wọn, ẹ̀yin nìkan lẹ wá. Mo ti dárí jì yín."

Ìyàwó rẹ̀ fi etí aṣọ nu ojú. Ó ní, "Uṣu wà lórí iná o," bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pe iṣu. A jẹ ẹ́ pẹ̀lú epo pupa, àwọn méjèèjì sì ń sọ̀rọ̀ nípa kòkó àti nípa orúnkún tó ń dùn wọ́n, bí ẹni tó ti mọra tipẹ́.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, bàbá mi sùn lọ nínú mọ́tò, ó ń hanrun. Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú rẹ̀, ìwé ìròyìn ló kọ́kọ́ béèrè. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní, "Àwọn èèyàn yìí ti ṣi àkọlé yìí kọ." Nọ́ọ̀sì kò mọ ìdí tí mo fi ń sunkún tí mo sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èmi náà ti sọ ẹrù kan kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kò rọrùn láti jẹ́ ọmọ ẹni tí kò ṣàṣìṣe rí. Èèyàn á máa fi àṣìṣe tirẹ̀ pamọ́ bí ohun ìtìjú. Lóṣù tó kọjá, mo pe ọmọbìnrin mi lórí fóònù, mo fẹ̀sùn kàn án, mo pariwo, mi ò sì bi í léèrè. Nígbà tí mo rí i pé kò ṣe é, mo wa mọ́tò lọ síléèwé rẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n, mo ní kí wọ́n pè é wá láti kíláàsì. Mo sọ fún un pé èmi ni mo jẹ̀bi, kó má bínú.

Ó ní, "Màmá, ṣé nítorí èyí nìkan lẹ ṣe wá?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí rẹ̀ nìkan ni.