Àmì Pupa Kan Lọ́nà Ìgèdè

Tí ẹ bá rí mọ́tò funfun kan tó dúró ní àdúgbò Adébáyọ̀ l'Adó láàárọ̀ Ọjọ́rú, tí dírẹ́bà rẹ̀ na ọwọ́ sókè, tó ń lẹ nǹkan dúdú kékeré kan mọ́ òrùlé mọ́tò, ẹ má rò pé oògùn ni. Tàófíìkì nìyẹn. Nǹkan dúdú náà kò ju ìdérí ike omi lọ. Wáyà rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, ó lọ wọ inú láptọ́ọ̀pù àlòkù kan tó jókòó síwájú bí ọ̀gá. Òun ló ń gba àmì láti ojú sánmà tí láptọ́ọ̀pù fi ń mọ ibi tí a wà, tí ọfà kékeré kan á sì máa rìn lórí àwòrán ilẹ̀ bí mọ́tò ṣe ń rìn.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ìbídùn lorúkọ mi, ọmọ Adó, ọmọ ìjọ Àgùdà láti ìgbà bàbá bàbá mi. Ó di ọdún mẹ́fà báyìí tí èmi àti Tàófíìkì jọ ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ fún àwọn ọmọdé ní aba oko. N kò ní purọ́ fún yín, n kò fẹ́ràn láptọ́ọ̀pù yẹn rárá níbẹ̀rẹ̀. Ó gba àga mi. Nínú gbogbo mọ́tò tí mo ti bá ṣiṣẹ́, iwájú ni nọ́ọ̀sì máa ń jókòó sí. Tàófíìkì lọ bá wẹ́dà, ó ní kó jó irin pẹlẹbẹ kan mọ́ àga iwájú, ó gbé láptọ́ọ̀pù lé e, ó fi rọ́bà dè é, ó wá ní kí n lọ bá kúlà tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ jókòó lẹ́yìn. Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ náà tún ń fi imú sọ òyìnbó. Orúkọ ìlú wa ò sí èyí tí kì í bàjẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá Tómi," n ó ní fún Tàófíìkì, "ìyàwó yín kejì tún ti bẹ̀rẹ̀ o."

Á kàn rẹ́rìn-ín. Kúdírát, ìyàwó rẹ̀ gan-an, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Adébáyọ̀, ní òun ò jowú, pé èyí tí kò lè se ọbẹ̀ kì í ṣe orogún òun.

Ọmọ Ìwó ni Tàófíìkì. Ó ti lé lógún ọdún tó ti wà nílẹ̀ Èkìtì, síbẹ̀ bó bá ti la ẹnu báyìí, àwọn èèyàn á ní, "Ẹ kì í ṣe ará ibí." Ìyẹn kì í bí i nínú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń fọ mọ́tò kó tó fọ ojú ara rẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń bí mi nínú nípa rẹ̀: kò ní bèèrè ọ̀nà láéláé. A lè sọnù láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kí àgbẹ̀ mẹ́ta kọjá lára wa pẹ̀lú àdá léjìká, Tàófíìkì ò ní sọ gíláàsì sílẹ̀. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kó yí mọ́tò padà sí Adó. Ìgbéraga ọkùnrin ni mo pè é.

Ìdí tó fi ra láptọ́ọ̀pù nìyẹn. Fóònù ò wúlò fún un, nítorí bí ọ̀dà bá ti tán lójú títì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ń tán. Ti láptọ́ọ̀pù yìí, inú ara rẹ̀ ló gbé àwòrán ilẹ̀ sí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwòrán náà ò mọ aba kankan. Gbogbo ibi tí kò bá ti sí ọ̀dà, igbó ni lójú tirẹ̀. Tàófíìkì bá bẹ̀rẹ̀ sí fi àwọn àmì tirẹ̀ sí i. Ibikíbi tí a bá dé, á dúró, á fi àmì pupa síbẹ̀, á wá fi ìka méjì tẹ orúkọ rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ: "Afárá tó ti tẹ̀." "Àtíbàbà oníkòkó." "Ajá burúkú ń bẹ níbí." Lọ́dún mẹ́fà, àmì pupa ti pọ̀ lójú ẹ̀rọ náà ju ilé lọ.

Ọ̀kan ṣoṣo ni kò lórúkọ. Ọ̀nà Ìgèdè ló wà, níbi tí oríta kékeré kan gbé yà wọ igbó. Mo bi í pé ṣé ó gbàgbé láti kọ nǹkan sí i ni.

"N ò gbàgbé," ó ní, ó sì tẹ iná mọ́tò.

Kúdírát ló sọ ọ́ fún mi, lọ́jọ́ kan tí mo lọ ra òwú. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìwó dé, aba kan lẹ́yìn Ìgèdè ni wọ́n ń gbé, Tàófíìkì ń wa mọ́tò akẹ́rù fún oníṣòwò kòkó kan. Kò tíì tó oṣù kan tí wọ́n débẹ̀ tí Kúdírát bẹ̀rẹ̀ sí rọbí ní ìdájí, oyún àkọ́kọ́, ọmọ sì dábùú. Tàófíìkì gbé e sínú mọ́tò, ó bèèrè ọ̀nà ilé ìwòsàn lọ́wọ́ bàbá kan. Bàbá náà júwe dáadáa: "Bó o bá dé ìdí ọ̀dán ńlá, kó o yà sọ́tùn-ún." Tàófíìkì ń lọ, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, kò rí ọ̀dán. Ó lọ jìnnà, ó padà, ó tún bi ẹlòmíràn. Ìdí ọ̀dán náà nìyẹn tún wí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló gba oríta kékeré yẹn kọjá. Ìjì ti wó igi yẹn láti ọdún márùn-ún, wọ́n ti fi là pákó, ṣùgbọ́n kò sí ará ibẹ̀ tí kò ṣì ń pe ibẹ̀ ní ìdí ọ̀dán. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ilé ìwòsàn, ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Wọ́n gba ẹ̀mí Kúdírát là. Ọmọkùnrin náà gbé ọjọ́ mẹ́ta láyé. Kò dé ọjọ́ kẹjọ tí à ń sọmọ lórúkọ.

"Láti ọjọ́ náà ni kì í ti í bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni," Kúdírát ní. "Ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé mo sọ fún yín."

Ọlọ́run fún wọn ní Tómilọ́lá àti àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ojú tì mí fún gbogbo ohun tí mo ti ń fi ẹnu mi sọ nípa ọkùnrin náà, àmọ́ n kò lè tọrọ àforíjì láìtú àṣírí Kúdírát.

Ní àsìkò òjò tó kọjá, wọ́n rán wa sí aba kan lẹ́yìn Igbemo. Àrùn kan tó ń sú sára ọmọdé ti wọ àgbègbè náà, ọmọ mẹ́rìnlá tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ ló wà ní aba yẹn. Iná ò wá mọ́jú, nítorí náà yìnyín díẹ̀ ni mo rí kó sínú kúlà. Mo ṣírò pé kò lè kọjá aago méjì ọ̀sán, bó bá sì ti yọ́ tán, abẹ́rẹ́ bàjẹ́ nìyẹn, ó tún di ọ̀sẹ̀ méjì kí òmíràn tó dé. Mo sọ fún Tàófíìkì. Ó ní kí n má mikàn, àmì aba náà wà lójú ẹ̀rọ, òun fúnra òun lòun fi síbẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn.

Ọfà rìn, a rìn. Ẹrẹ̀ pọ̀, a rọra. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù, obìnrin inú ẹ̀rọ fi imú kéde pé a ti dé.

Kò sí ẹnì kankan. Ilé amọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n ti ká páànù orí wọn lọ, koríko ti hù nínú yàrá. Tàófíìkì wo ojú ẹ̀rọ, ó wo igbó, ó tún wo ojú ẹ̀rọ. Ọfà gúnlẹ̀ sórí àmì pupa gẹ́lẹ́.

Kí ló tún ń fẹ́ àlàyé? Àgbẹ̀ oníṣu ni wọ́n. Bí ilẹ̀ bá ti ṣá, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó sinmi, wọ́n á di páànù wọn lérù, wọ́n á lọ kọ́lé sí ilẹ̀ mìíràn. Ọmọ ọdún méje mọ èyí nílẹ̀ Èkìtì. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Adó mọ̀ ọ́n. Mo kàn jókòó sẹ́yìn ọfà bí arìnrìn-àjò, n kò ronú rárá.

Tàófíìkì di kọ́kọ́rọ́ mú láti yí padà.

"Bàbá Tómi," mo ní, "mọ́tò yìí ò ní padà sí Adó. Ẹ jẹ́ ká bèèrè."

Ó kàn di kọ́kọ́rọ́ náà mú síbẹ̀. Inú bí mi. Mo ṣí kúlà, mo gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. Omi ti pọ̀ nínú rẹ̀ ju yìnyín lọ. Ó wò ó, ó wá tọ́ka sí àmì pupa lójú ẹ̀rọ.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ wo nǹkan tí mo kọ síbẹ̀ yẹn. Aba ni mo kọ. Kò sì sí aba níbẹ̀ mọ́." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Bàbá kan júwe igi ọ̀dán fún mi nígbà kan, igi ọ̀hún ti wó. Mo ti bínú sí i fún ọdún mọ́kànlélógún. Èmi náà mà rèé."

Ìbínú mi rọlẹ̀. N kò ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. "Bàbá yẹn ò purọ́ fún yín," mo ní.

"Mo mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

Ó yí mọ́tò, ṣùgbọ́n kò kọjú sí Adó. A ti rí ìyá arúgbó kan lọ́nà tó ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ahéré. Ibẹ̀ ló padà sí. Ó bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀, tòun ti ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ tó mọ́.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà ni mo fẹ́ bèèrè."

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní omi kúlà ni.

"Dìde, ọmọ mi," ìyá ní. "Àwọn oníṣu wọ̀nyẹn? Ulẹ̀ ibẹ̀ ti ṣá, wọ́n ti kó ulé wọn lọ òdìkejì odò. Kò sí ugi kan lọ́nà ibẹ̀ tí mo lè fi júwe. Màá bá yín lọ ni."

Ìyá Rótìmí ni wọ́n ń pè é. Ó ṣan ọwọ́, ó pààrọ̀ ìró, ó wá dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn iwájú, ó ń wo láptọ́ọ̀pù. Ta ló máa ní kí àgbà lọ jókòó sẹ́yìn? Tàófíìkì tú rọ́bà, ó gbé ẹ̀rọ náà tòun ti wáyà lé mi lẹ́sẹ̀, ó tẹ́ aṣọ sórí irin fún màmá. Bí a ṣe kúrò ní ojú ọ̀nà tí ẹ̀rọ mọ̀, obìnrin oní-imú bẹ̀rẹ̀ sí pariwo pé ká padà, ká padà.

"Ta rèé?" Ìyá Rótìmí bèèrè.

"Ẹ̀rọ ni, Ìyá."

"Ẹ ní kó panu mọ́. Kì í ṣe ibí ni wọ́n bí i sí."

Tàófíìkì ní kí n pa ohùn rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn.

Aago kan kọjá díẹ̀ nígbà tí a dé. Mo gún ọmọ mẹ́rìnlá lábẹ́rẹ́, gbogbo wọn ké, inú mi sì dùn sí igbe náà. Nígbà tí mo ṣe tán, yìnyín tó kù nínú kúlà ò ju hóró ṣúgà lọ.

Bí a ṣe ń dá màmá padà, Tàófíìkì ń bi í ní orúkọ odò, orúkọ òkúta, ẹni tó ni oko yìí, ẹni tó ni tọ̀hún. Èmi ló ń tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Nígbà tí a dé ahéré, màmá ò tíì sọ̀ kalẹ̀.

"Ìwọ tí o ń bèèrè orúkọ gbogbo nǹkan, bàbá ta ni wọ́n ń pè ọ́?"

"Bàbá Tómilọ́lá, Ìyá."

"Ṣé òun làkọ́bí?"

Tàófíìkì di sítíárì mú. "Rárá, Ìyá. Ọkùnrin kan ṣáájú rẹ̀. Kò dé ọjọ́ kẹjọ."

Màmá ò kẹ́dùn, kò pòṣé. Ó ní, "Kí lo ti ní lọ́kàn láti sọ ọ́?"

"Ayọ̀bámi." Mo rò pé kò sọ ọ́ síta rí.

"Orúkọ rẹ̀ nìyẹn," màmá ní, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, mo bá àga iwájú láìsí irin lórí rẹ̀. Wẹ́dà ti gé e kúrò. Tàófíìkì ní kí n máa gbé láptọ́ọ̀pù lẹ́sẹ̀, kí n máa wo ọ̀nà, kí n sì máa bi àwọn èèyàn bó bá yẹ ká bèèrè. Ọ̀nà Ìgèdè la gbà. Ọfà ń rìn lọ títí ó fi dé oríta kékeré yẹn, mo sì rí i pé wọ́n ti fi ìka méjì kọ orúkọ sí ẹ̀gbẹ́ àmì pupa tí kò lórúkọ tẹ́lẹ̀. Ayọ̀bámi ni wọ́n kọ.

Tàófíìkì rọra tẹ bíréèkì. Ó dúró síbẹ̀, iná mọ́tò ò kú, ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó yẹ kó yà sí lọ́jọ́ náà. Mo fi ọwọ́ kàn án léjìká.

"Bàbá Ayọ̀bámi," mo ní, "ẹ jẹ́ ká máa lọ, yìnyín ń yọ́."

"Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì," ó ní, ó sì ki mọ́tò sí jíà.