Ìwé Méjì Tó Dá Bàbá Mi Padà ní Ẹnubodè

Bí mo tilẹ̀ gbàgbé gbogbo ọjọ́ yòókù, n kò lè gbàgbé Ọjọ́rú tí tírélà bàbá mi padà sí Agbowó pẹ̀lú gbogbo ọṣẹ tí wọ́n fẹ́ kó lọ sí Kútọnu. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ẹnubodè ṣí ni.

Bàbá mi jókòó sórí àpótí. Wọn kò bọ́ bàtà. Wọ́n na láísẹ́ńsì àti pásípọ́ọ̀tù wọn sí mi.

“Ọ̀gá ẹnubodè ní ọdún ìbí inú wọn kò bára mu. Ọlọ́ṣẹ sì ní òun yóò wá dírẹ́bà mìíràn.”

Èmi ni mo bá wọn kọ fọ́ọ̀mù méjèèjì. Nígbà láísẹ́ńsì, wọ́n ní ọmọ ogójì ọdún ni àwọn. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, nígbà pásípọ́ọ̀tù, wọ́n tún ní ogójì, mo sì tún fi ṣírò ọdún ìbí wọn bí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀bi mi ni.”

“Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ó ti rẹ̀ mí ni. Ìwọ tí o kàwé, ọmọ ọdún mélòó gan-an ni mí?”

Mo mú bírò. Ìyá wọn ti kú, kò sì sí ẹni tó kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀. Mo ṣì di bírò náà mú nígbà tí wọ́n sùn lọ lórí àpótí, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.