Ibi Tí Ohùn Gìtá Kú Sí

Bí mo bá gbọ́ gìtá níbikíbi, ẹsẹ̀ mi á fẹ́ máa rìn. Búròdá onígìtá ìjọ wa ní Tanke ló sọ ọ́ di bárakú fún mi. Ó fẹ́ kí ohùn kan ṣoṣo tó bá ta lórí gìtá rẹ̀ máa dún lọ láìkú, kó bá àwa akọrin dé òpin orin Àjíǹde. Bó bá ti ta okùn kan, á ní, "Sísítà, ẹ máa lọ." Èmi á máa rìn láti iwájú pẹpẹ, n ó sì dúró níbi tí ohùn náà bá kú sí. Kì í kọjá bẹ́ńṣì kẹta.

"Ó tún ti kánjú kú," ni yóò wí.

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi àpótí kékeré kan ránṣẹ́ láti òkè òkun, èyí tó ń sín oríṣiríṣi ámúpílífáyà tó ń gbé ohùn gìtá sókè jẹ. Búròdá yí gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ dé òpin, ariwo bíi ti oyin ló jáde. Ó wá rọra dín in kù, ó kọjú gìtá sí sípíkà kí ohùn ibẹ̀ lè máa gbọn okùn, ó ta okùn kan, ó sì ń mi ìka lórí rẹ̀. Mo rìn kọjá ilẹ̀kùn, mo dé títì, mo ra ẹ̀pà. Nígbà tí mo wọlé padà, ohùn kan náà ṣì ń dún.

Ojú rẹ̀ le. "Ta ló ní kẹ́ ẹ padà, Sísítà? Ṣé ó ti kú ni?"