Ilẹ̀kùn Tí A Ò Ṣí fún Àbúrò Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sá pamọ́ fún àbúrò mi lónìí, nínú ilé èmi fúnra mi.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun ọ̀sán tán n'Ìkirè níbí ni Wàsíù, àbúrò mi, gun ọ̀kadà dé láti Wásinmi. Ó ń kanlẹ̀kùn, ó ń kí wa láti ìta. Bí mo ṣe fẹ́ dìde, ọkọ mi dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ìyá Kúdí, má dáhùn. Kí la fẹ́ fún un jẹ?"

Òótọ́ ni. Gáàsì ti tán láti Sátidé. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti owó iná ti gbé owó ìfẹ̀yìntì àwa méjèèjì lọ. Gàrí lásán ló kù, kò sí ṣúgà.

La bá jókòó jẹ́ẹ́. Àfi bí fóònù mi ṣe dún!

"Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń gbọ́ fóònù yín o! Ẹ dá mi lóhùn!"

A ò mira. Ló bá figbe ta: "Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti kú sínú ilé!"

Àwọn ará àdúgbò ti ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn kí n tó ṣí i. Wàsíù dì mọ́ mi. Mo ní oorun ló gbé wa lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, ṣé ẹ̀yin náà máa ń sá fún àlejò? Ẹ dá mi lóhùn o. Ẹ̀rù ń bà mí. Lọ́jọ́ tí a ò bá lè dìde lóòótọ́, ẹni tó bá kanlẹ̀kùn á ní oorun là ń sùn, á sì bá tiẹ̀ lọ.