Abọ́ Tó Bá Ń Sunkún

Kí ẹ tó bínú sí Irmtraud Kessel, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe fún yín. Omi ló ń wọ̀n. Kì í ṣe pé ó ń wọ̀n ọ́n ní garawa o. Agbára awọ ojú omi ló ń wọ̀n, awọ tí a kò rí, tó ń gbé kòkòrò dúró lórí odò tí kì í fi í rì. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ ìfọṣọ kan létí odò Rhine ní Jámánì ló ti ń ṣe é, fún ọdún mọ́kànlá gbáko. Yóò po kẹ́míkà ọṣẹ mọ́ omi díẹ̀díẹ̀, yóò ti òrùka pílátínọ́ọ̀mù tín-ín-rín kan bọ ojú omi náà, yóò sì máa fà á sókè jẹ́jẹ́ títí awọ náà yóò fi já. Iye tí ẹ̀rọ bá pè nígbà tó já ni yóò kọ sílẹ̀. Bí ọṣẹ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni iye náà ń wálẹ̀.

Kó tó fọwọ́ kan ọṣẹ rárá láràárọ̀, omi lásán ló ń kọ́kọ́ wọ̀n. Omi lásán gbọ́dọ̀ fún un ní méjìléláàádọ́rin. Bí kò bá pé bẹ́ẹ̀, ọ̀rá ti wọ ibì kan nìyẹn, ọ̀rá tí kò tó orí abẹ́rẹ́ sì lè ba iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan jẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìpara pa ọwọ́ nínú yàrá náà.

Ẹni tó ń fọ abọ́ gíláàsì fún un ni Ìyáàfin Wanda Piontek, opó ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta tí ogun lé kúrò nílẹ̀ Silesia níhà ìlà-oòrùn, tí kò kó nǹkan kan dání ju àpò kan àti ẹnu tí kì í sinmi lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló máa ń fi omi mímọ́ ṣan abọ́ kan, á wá gbé e sókè síbi fèrèsé. Bí omi bá tẹ́ pẹrẹsẹ lára rẹ̀, ó mọ́. Bí omi bá kóra jọ tó ń kán tó tó tó, ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀, á sì dá a padà sínú agbada.

"Abọ́ tó bá ń sunkún kò tíì mọ́," ni yóò wí, tí yóò sì bú sẹ́rìn-ín.

Ní ìlú wọn, ènìyàn lè bá ẹnì kejì rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún kí wọ́n ṣì máa pe ara wọn ní "ẹ", àti àgbà àti ọmọdé. Àgbà nìkan ló lè yọ̀ǹda "ìwọ" fún àbúrò. Ojú á ti àwa láti pe ẹni tó lè bí wa lọ́mọ ní "ìwọ", ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, ẹ̀bùn ni. Ní ọdún kẹsàn-án tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ní ọjọ́ ìbí Irmtraud, Wanda gbé ife kọfí rẹ̀ sókè.

"Ó tó gẹ́ẹ́! Wanda ni orúkọ mi. Ẹni tó mọ bí mo ṣe ń hanrun lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kí ló tún ń pè mí ní 'ẹ' fún?"

Irmtraud kò lọ́kọ, ìyá rẹ̀ sì ti kú. Inú rẹ̀ dùn débi pé kọfí tirẹ̀ tutù sí i lọ́wọ́.

Ìgbà òtútù ọdún 1963 wá dé, odò pàápàá dì. Ọwọ́ Irmtraud là, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Wanda po ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ mọ́ òdòdó ọgbà rẹ̀, ó rọ ọ́ sínú agolo kékeré.

"Ilé ni kó o ti máa lò ó o," ó kìlọ̀. "Bí Dókítà ọ̀gá wa bá fi lè gbóòórùn ẹ̀ níbí, á lé àwa méjèèjì síta bí ológbò tó jí ẹja."

Irmtraud gbọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ń ta á. Ó ń fi agolo náà sápò, ó ń pa díẹ̀ péré sẹ́yìn ọwọ́, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ pé ẹ̀yìn ọwọ́ kì í ṣe ìka.

Omi lásán fún un ní mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ó fi iná sun òrùka náà títí ó fi pọ́n, ó tún un wọ̀n: márùndínláàádọ́rin. Odindi ọjọ́ márùn-ún ló fi rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, Dókítà Lohmeyer, ọ̀gá wọn, wọlé.

"Omidan Kessel, ta ló ń fọ àwọn abọ́ yìí?"

Agolo náà wà nínú àpò rẹ̀. Ó ti mọ̀ látàná pé òun ni.

"Ìyáàfin Piontek ni, Dókítà."

"Ojú ìyá yẹn ò ríran mọ́, àbí?"

Irmtraud wolẹ̀, kò fèsì. Ẹ wò ó, kò purọ́. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Bó bá purọ́ ni, wọn ì bá ká irọ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Òótọ́ ló fi pa ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé Wanda lọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń di ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú sínú páálí, níbi tí eruku rẹ̀ ti ń wọ èèyàn nímú láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Irmtraud fi agolo náà sílé. Omi padà sí méjìléláàádọ́rin.

"Ẹ ò rí i?" làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wí. "Ìyá yẹn náà ni!"

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo ìgbà tí iye náà bá ti pé ni ẹ̀rí ọkàn ń nà án. Níbi oúnjẹ ọ̀sán, ó ń gbọ́ ikọ́ Wanda láti tábìlì òdìkejì. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó ra kéèkì, ó sì lọ sílé Wanda ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

"Wanda, èmi ni," ó wí lẹ́nu ọ̀nà. "Ìpara yẹn ni. Abọ́ rẹ mọ́."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀ kẹ̀?"

"Ṣé imú mi ti kú ni? Gbogbo abọ́ tí o ń dá padà ló ń gbé òórùn òdòdó mi. Mo ń retí kó o sọ."

"Kí ló dé tí ìwọ ò sọ fún Dókítà?"

"Ẹnu tìẹ ni mo fẹ́ kó ti jáde." Ikọ́ dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Irmtraud bú sẹ́kún. Wanda wò ó títí, kò nawọ́ sí i.

"Abọ́ tó bá ń sunkún kò tíì mọ́," ó wí, kò sì rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. "Gbé kéèkì rẹ, kó o máa lọ sílé."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Irmtraud bu omi sínú abọ́ fífẹ̀ kan, ó wọ́n páúdà sí ojú omi náà, ó sì ránṣẹ́ pe Dókítà àti gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó yọ agolo náà lápò níṣojú wọn, ó pa ìka kan, ó fi kan àárín omi. Páúdà náà sá lọ sí etí abọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí òròmọdìyẹ tó rí àwòdì.

"Ọwọ́ mi nìyí," ó wí. "Mo mọ̀ nígbà tí ẹ bi mí, Dókítà. Abọ́ Ìyáàfin Piontek kò fìgbà kan rí dọ̀tí."

"Ọdún mọ́kànlá, Omidan Kessel!" lohun kan ṣoṣo tí Dókítà rí sọ. Ìwé ìkìlọ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò dùn ún. Ohun tó ń retí ni Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tí Wanda yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, ó ti wà nídìí ẹ̀rọ kí aago méje tó lù. Wanda wọlé pẹ̀lú àwọn abọ́ nínú àtẹ, omi tẹ́ pẹrẹsẹ lára wọn.

"Wanda, o káàbọ̀!"

Wanda gbé àtẹ náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò sí ìbínú kankan lójú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Omidan Kessel. Abọ́ yín rèé. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò dáadáa."

Ó padà sídìí agbada rẹ̀. Irmtraud dúró síbẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó bu omi lásán, ó ti òrùka bọ̀ ọ́, ó fà á. Méjìléláàádọ́rin.

"Ẹ ṣeun, Ìyáàfin Piontek," ó dáhùn, nítorí kò tún sí ohun mìíràn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é.