Ìbòrí Ọmọ Mi àti Àdúrà Ìparí Ìpàdé

"Bí o bá tún wọ ìbòrí yẹn dé ẹnu ọ̀nà, ilé lo máa padà sí." Ọ̀gá ìbáwí ilé-ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọbìnrin mi. Ó ní ilé-ìwé ìjọba ni, ìjọba kò sì ní ẹ̀sìn.

Ìdánwò BEPC, tí wọ́n fi ń parí ìpele àkọ́kọ́ ilé-ìwé girama, ti sún mọ́lé. Mo bi ọmọ mi bóyá kó kúkú ṣí i.

"Màmá, èmi ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin gan-an ò wọ̀ ọ́ nígbà tẹ́ ẹ wà nílé-ìwé bíi tèmi."

Ó jókòó sílé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀kọ́ ìṣirò ọjọ́ náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìpàdé àwọn òbí bọ́ sí ọ̀sán ọjọ́ náà. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi, tó jẹ́ Kátólíìkì, jókòó tì mí. Àwọn ará ilé ọkọ mi, tí àwọn baba ńlá wọn ti Bràsíìlì dé, pín sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n ìkòkò kan náà la fi ń se oúnjẹ ọdún.

Ní Porto-Novo tiwa níbí, bí Kírísítẹ́nì bá fàdúrà ṣí ìpàdé, Mùsùlùmí ní í pa á dé. Ọ̀gá ìbáwí fúnra rẹ̀ ló ṣí i, lórúkọ Jésù. Nígbà tọ́rọ̀ tán, ó rí ìbòrí mi.

"Màmá, ẹ bá wa fàdúrà parí rẹ̀."

N ò dìde. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Wọ́n ní ilé-ìwé yìí kò ní ẹ̀sìn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó wa tó jókòó tì mí ní, "Ọ̀gá, Jésù tẹ́ ẹ pè lẹ́ẹ̀kan, ẹnu ọ̀nà wo ló gbà wọlé?"

"Àṣà lèyí. Òfin ni ti ìbòrí."

"Mo ti ka ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa," ni mo wí. "Ó ní ìjọba kò ní ẹ̀sìn. Ó tún ní kí kálukú máa sìn bó ṣe fẹ́, bí kò bá ti da ìlú rú. Ìlú wo ni ìbòrí ọmọ mi dà rú?"

Kò sẹ́ni tó dìde láti lọ. Ta ló fẹ́ jáde láìgbàdúrà, sáàárín àwọn ọlọ́kadà tó ń sáré lójú títì? Bàbá kan pariwo lẹ́yìn: "Ọ̀gá, mo fẹ́ délé ní Adjarra kílẹ̀ tó ṣú! Ẹ bá màmá yìí parí ẹ̀!"

Ọ̀gá nu ojú. "Kó máa bọ̀ lọ́la. Bí ìbòrí náà bá ti jẹ́ àwọ̀ kákí bí aṣọ ilé-ìwé, n ò ní dá a padà."

"Títí di ìdánwò?"

"Màmá, títí di ìdánwò. Ẹ gbàdúrà!"

Mo gba àdúrà náà, mo sì gbà á gùn.

Ọmọ mi fi ìbòrí kákí wọ ilé-ìwé lọ́jọ́ kejì. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan nìyẹn. Ọ̀gá mìíràn lè dé kó yí i padà. Ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá kìlọ̀ fún ọmọ yín nítorí ẹ̀sìn, ìbáà ṣe Mùsùlùmí, Kírísítẹ́nì tàbí ọmọ abòrìṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ dá nìkan dúró lẹ́nu ọ̀nà.