Àdúrà Tí A Kò Gbọdọ̀ Ṣe Àmín Sí

Ó ti lé ní ogún ọdún tí ikọ̀ wa ní Àpápá lo sáà ìkẹyìn nínú líìgì àgbà orílẹ̀-èdè yìí. Èmi ni balógun ikọ̀, èmi náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá mi sí. Síbẹ̀, bí ìjọ bá ṣe Àmín lẹ́ẹ̀kan náà, ara mi ṣì máa ń bù máṣọ.

Rafíù, ọmọ Ajégúnlẹ̀ tó ń gbá iwájú fún wa, ló kọ́kọ́ dákú lórí pápá. Kò sí dókítà, kò sí ọkọ̀ aláìsàn. Ọkọ̀ tó wá já mínírà la fi gbé e. Ó jí, wọ́n ní ooru ni. A kọ ìwé sí àwọn aláṣẹ líìgì lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn kò fèsì.

Àṣà wa ni pé a máa ń kúnlẹ̀ gbàdúrà láàárín pápá kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, Kristẹni àti Mùsùlùmí. Èmi ni mo máa ń ṣáájú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Pásítọ̀. Kò sí rẹfirí tó jẹ́ fọn fèrè sí àdúrà. Nítorí náà a pinnu pé ní ìdíje tó kàn, a ó kúnlẹ̀, a kò sì ní ṣe Àmín títí wọn yóò fi gbé ọkọ̀ aláìsàn wá.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, Rafíù rẹ́rìn-ín. "Pásítọ̀, àdúrà yín tó máa ń gùn bí ìlà tírélà Creek Road, òní ló máa wúlò!"

"Ìwọ jókòó lónìí."

"Kí ẹ máa jà nítorí mi, kí n wá jókòó? Ká jọ kúnlẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá sì gbá a, màá gbá a."

A kúnlẹ̀. Mo gbàdúrà fún ìjọba, fún èbúté, fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n Kirikiri. Òǹwòran kan kígbe pé, "Ó ti tó o! Ṣé ìṣọ́ òru lẹ wá ṣe ni?"

Aṣojú líìgì, bàbá kan tó jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, bọ́ bàtà, ó wọ pápá, ó kúnlẹ̀ tì mí. Mo rò pé ó fẹ́ gbọ́ ẹ̀dùn wa. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ ṣé, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe oore-ọ̀fẹ́, ká fi parí àdúrà."

Kí n tó ronú, ẹnu mi ti ń bá a lọ, bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Gbogbo wa ṣe Àmín, àwọn Mùsùlùmí náà ṣe é, ẹsẹ̀ wa sì gbé wa dìde. Ẹyin lohùn. Fèrè dún.

Mo ṣì lè ní kí wọ́n tún kúnlẹ̀. Rafíù wò mí, ó ń retí ọ̀rọ̀ mi. Mo nawọ́ sí i pé kó lọ sí ipò rẹ̀.

Kí ìlàjì kìíní tó parí, ó ṣubú. Ẹnikẹ́ni kò fara kàn án. Ọkọ̀ akẹ́rù tí a gbé e sí há sí àárín àwọn tírélà, la bá gbé e lé èjìká, a sáré gba Warehouse Road. Ó kú kí a tó dé ilé ìwòsàn.

Sáà tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ aláìsàn dé sí pápá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù lónìí, ikú Rafíù ló gbé e wá, kì í ṣe àánú aláṣẹ. Ẹ máa wo inú rẹ̀ dáadáa. Mo ti rí èyí tí kò ní nọ́ọ̀sì. Ikọ̀ tiwa já kúrò ní líìgì, ó sì tú ká. Ìyẹn kò dùn mí mọ́.

Ìyá Rafíù ṣì wà ní Ajégúnlẹ̀. Ọdọọdún ni mo ń lọ kí i, ọdọọdún ló sì ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé, "Pásítọ̀ ọmọ mi nìyí. Èjìká rẹ̀ ló fi gbé Rafíù. Ó ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe."

Lẹ́yìn náà, ó máa bu oúnjẹ fún mi. Mo sì máa ń jẹ ẹ́ tán.